Gbálẹ̀ Kan Ṣoṣo: Àkọsílẹ̀ Ìṣẹ̀lẹ̀ Kan Láti Ilé Géèmù ní Ògbómọ̀ṣọ́

Ilé géèmù tí ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹlẹ̀ wà ní Under-G, àdúgbò tó wà lẹ́bàá ọgbà LAUTECH ní Ògbómọ̀ṣọ́, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ pọ̀ sí ju onílé lọ. Yàrá kan ṣoṣo ni. Tẹlifíṣàn mẹ́ta ló wà níbẹ̀, méjì fún géèmù bọ́ọ̀lù, ẹ̀kẹta fún géèmù ìjà. Obìnrin kan tí gbogbo oníbàárà ń pè ní Mọ̀mí ló ni ín. Òun fúnra rẹ̀ kò fọwọ́ kan páàdì rí, àmọ́ ó ń kọ owó tó ń wọlé lórí tẹlifíṣàn kọ̀ọ̀kan sínú ìwé kékeré kan lálaalẹ́, ìwé yìí ló sì kọ́kọ́ fi hàn án pé nǹkan kan ti bàjẹ́. Owó orí tẹlifíṣàn bọ́ọ̀lù kò yẹ̀. Ti tẹlifíṣàn ìjà ń lọ sílẹ̀ díẹ̀díẹ̀, títí tó fi di pé kò lè ra epo jẹ́nẹ́rétọ̀ tirẹ̀ mọ́.

Nígbà tó bi àwọn oníbàárà léèrè, ẹnu wọn kò lọ sí ibi méjì. Wọ́n ní ọmọkùnrin kan, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún kejì ní yunifásítì, ni kò jẹ́ kí àwọn gbádùn géèmù mọ́, nítorí pé ìkọlù kan ṣoṣo ló mọ̀, òun náà ló sì ń lò láti ìbẹ̀rẹ̀ ráúńdì títí dé òpin rẹ̀. Tekken 7 ni wọ́n ń gbá, èyí tó jáde fún PlayStation 4 ní ọdún 2017. Bryan Fury, ọ̀kan nínú àwọn jagunjagun inú géèmù náà, ni ọmọkùnrin náà máa ń mú, ìkọlù tí wọ́n sì ń tìtorí rẹ̀ fẹjọ́ sùn ni èyí tí àwọn tó mọ géèmù náà káàkiri àgbáyé ń pè ní Snake Edge: Bryan á bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, á yí ara rẹ̀, á sì fi ẹsẹ̀ gbá ẹsẹ̀ alátakò kúrò nílẹ̀, á wá rí àyè láti tún máa lù ú kó tó dìde. Àwọn ọmọ Under-G ń pè é ní gbálẹ̀. Orúkọ yẹn ni n ó máa lò.

Ẹ̀sùn irú èyí ti pẹ́ láyé. Láti ìgbà tí Capcom ti gbé Street Fighter II jáde ní 1991 ni àwọn kan ti ń fara ti igun kan lójú ẹ̀rọ, tí wọ́n ń ju Hadoken, ìkọlù iná tí wọ́n ń jù láti òkèèrè, tẹ̀ léra wọn, tí àwọn tó ń jẹ ẹ́ sì ń pariwo pé ìyànjẹ ni. Spam ni àwọn eléré ń pè é lónìí. Àwọn tó ń ṣe géèmù kò fi ojú kan náà wò ó. Nínú Super Smash Bros. ti Nintendo, ìkọlù tí ènìyàn bá ń lò léraléra á máa dín agbára kù títí ẹni náà yóò fi fi àwọn mìíràn pààrọ̀ rẹ̀. Tekken kò ní irú òfin bẹ́ẹ̀. Gbálẹ̀ tí a gbá lẹ́ẹ̀kejìlá á dun ẹni tó jẹ ẹ́ gẹ́gẹ́ bí èyí àkọ́kọ́ ṣe dùn ún. Ohun tí àwọn tó ṣe Tekken gbé kalẹ̀ dípò rẹ̀ ni ìyà. Bí ìkọlù kan bá lágbára tó sì lọ́ra, tí alátakò sì rí i dí, ẹni tó gbá a yóò wà ní gbangba fún ìgbà díẹ̀ láìlè gbèjà ara rẹ̀, alátakò á sì fi èyí tó wúwo jù lọ́wọ́ rẹ̀ dá a lóhùn. Gbálẹ̀ wà lára irú ìkọlù bẹ́ẹ̀. Gẹ́gẹ́ bí wọ́n ṣe ṣe géèmù náà, ẹni tó bá ń gbá a láìsinmi ló yẹ kó máa pàdánù, kó sì máa dìde lórí àga láìsinmi, bẹ́ẹ̀ ní Under-G, ńṣe ló ń borí gbogbo ènìyàn. Ìyẹn gan-an ló yẹ kí wọ́n kọ́kọ́ béèrè ìdí rẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó bèèrè.

Òfin ni Mọ̀mí kọ́kọ́ gbé kalẹ̀. Ó ní kí wọ́n kọ ọ́ sára ògiri pé ẹnikẹ́ni kò gbọdọ̀ lo gbálẹ̀ ju ẹ̀ẹ̀kan lọ ní ráúńdì kan, àti pé ẹni tó bá rú òfin náà yóò dìde. Òfin náà dùn létí, ó sì tẹ́ àwọn tó fẹjọ́ sùn lọ́rùn fún ìgbà díẹ̀, àmọ́ kò ní adájọ́. Mọ̀mí kò lè fi ojú ya gbálẹ̀ sọ́tọ̀ lára àwọn ìkọlù ìsàlẹ̀ yòókù, bẹ́ẹ̀ kò sí jagunjagun kan nínú Tekken tí kò ní ìkọlù ìsàlẹ̀, nítorí náà gbogbo ẹni tí wọ́n bá ti gbá lẹ́sẹ̀ ló ń pariwo pé gbálẹ̀ ni. Kò pẹ́ tí àwọn tí King, jagunjagun mìíràn nínú géèmù náà, máa ń gbé mọ́lẹ̀ fi wá bẹ̀bẹ̀ pé kí wọ́n fòfin de gbígbé náà. Àwọn tí jagunjagun tó ń jẹ́ Eddy ń dà láàmú ní kí wọ́n lé Eddy kúrò pátápátá, nítorí pé ẹni tí kò mọ nǹkan kan lè máa tẹ bọ́tìnì ìpa méjèèjì bó bá ṣe wù ú, kó sì máa jà bí ọ̀gá. (Ẹ̀sùn yẹn ti wà lọ́rùn Eddy láti ìgbà tó ti kọ́kọ́ yọjú nínú Tekken 3 ní 1997, kò sì jọ pé yóò kúrò níbẹ̀ láyé yìí.) Ká tó wí ká tó fọ̀, ohun tó wà lára ògiri ti pọ̀ ju ohun tí ènìyàn lè rántí nígbà tó bá ń jà lọ. Ọmọkùnrin tí ọ̀ràn kàn ló fi ìbéèrè kan tú òfin náà ká. Ó ní, “Mọ̀mí, ẹ má bínú o, ẹ sọ èyí tí mo lè fi jà fún mi, kí n lọ kọ́ ọ.” Mọ̀mí kò ní ìdáhùn, kò sì sí ọ̀kan nínú àwọn tó fẹjọ́ sùn tó ní.

Ìgbésẹ̀ kejì le ju ti àkọ́kọ́ lọ. Wọ́n bẹ ọmọkùnrin náà pé kó máa wá lọ́sàn-án, kó fi ìrọ̀lẹ́ sílẹ̀ fún àwọn yòókù, ó sì gbà láìjanpata. Ohun tó ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn èyí ni mo kà sí oríta àkọ́kọ́ nínú ọ̀ràn yìí, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò sẹ́ni tó kà á sí nígbà náà: kó tó di ọ̀sẹ̀ kan, ẹni méjì mìíràn ti bẹ̀rẹ̀ sí mú Bryan, gbálẹ̀ ni àwọn náà sì ń gbá. Ọ̀kan nínú àwọn méjèèjì wà lára àwọn tó fẹjọ́ sùn. Bí ìwà kan bá ṣẹ́kù sínú yàrá lẹ́yìn tí ẹni tí wọ́n sọ pé ó ni ín ti jáde, a jẹ́ pé yàrá náà ló yẹ ká yẹ̀ wò.

Ìgbà náà ni wọ́n ránṣẹ́ pè mí, nítorí pé mo máa ń bá àwọn tó ń ṣètò ìdíje géèmù láàárín àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ṣiṣẹ́, mo sì máa ń kọ́ àwọn ọ̀dọ́ ní Tekken. N kò fọwọ́ kan páàdì lákọ̀ọ́kọ́. Mo jókòó sẹ́yìn, mo ń wo ọwọ́ àwọn tó ń gbá a ju ojú tẹlifíṣàn lọ.

Ọ̀nà tí owó ń gbà wọlé ló kọ́kọ́ hàn sí mi. Ẹni tó bá borí á jókòó síbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́. Ẹni tó bá pàdánù á dìde, ẹni tó kàn á sì sanwó kó tó jókòó. Ọ̀pọ̀ ilé géèmù nílẹ̀ wa ló ń lo ìlànà yìí, n kò sì bá a jà, nítorí pé òun ló ń jẹ́ kí ìjà gbóná, tí àwọn tó dúró lẹ́yìn fi ń pariwo. Àmọ́ ó yẹ ká mọ ohun tó ń kọ́ ènìyàn: ó ń kọ́ ọ pé kó má dán ohun tuntun wò láé. Mo pe ọmọkùnrin náà sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, mo bi í léèrè ìdí tí kì í fi í lo ìkọlù mìíràn, nítorí ó hàn sí mi pé ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, owó ìjókòó ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ló máa ń wà lápò mi. Bí mo bá fi dán nǹkan tí n kò mọ̀ wò, mo ti dìde nìyẹn, mo ti di ẹni tó ń wo àwọn ẹlòmíràn títí ilẹ̀ á fi ṣú. Wọn ò sì rí i dí. Kí ni mo ṣe máa fi í sílẹ̀?” Kò sí ohun tí mo rí sọ sí èyí. Bí mo bá wà nípò rẹ̀, ohun tí n ó ṣe náà nìyẹn.

Nǹkan mìíràn tí mo rí ya àwọn tó fẹjọ́ sùn lẹ́nu nígbà tí mo sọ ọ́ fún wọn: ọmọkùnrin náà kì í lo ìkọlù kan ṣoṣo. Nínú Tekken, ẹni tó bá dúró ní ìdúró ìdènà á dí ìkọlù òkè àti ti àárín. Ẹni tó bá fẹ́ dí ti ìsàlẹ̀ gbọ́dọ̀ bẹ̀rẹ̀, kó tẹ ìsàlẹ̀ àti ẹ̀yìn pọ̀ lórí páàdì. Bó bá sì ti bẹ̀rẹ̀, ìkọlù àárín á bà á. Gbogbo ìjà náà dúró lórí yíyàn yìí. Nígbà tí ẹ̀rù gbálẹ̀ bá ti ba alátakò tó fi bẹ̀rẹ̀ sílẹ̀ kí gbálẹ̀ tó dé, ọmọkùnrin yìí kì í gbá a mọ́; ìkọlù àárín ló ń fi gbé e dìde. Ó ń ṣe é lẹ́ẹ̀kọ̀ọ̀kan, ó sì ń ṣe é lákòókò tó yẹ, àmọ́ àwọn tó ń jẹ ẹ́ kì í rántí rẹ̀, torí pé gbálẹ̀ ló ń dùn wọ́n. Bí oníjàkadì tí gbogbo ìlú mọ̀ sí ìkọ́sẹ̀ ló rí, tó jẹ́ pé nígbà tí alátakò bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ ló ń fi èjìká tì í ṣubú. Àwọn kan ti gbìyànjú láti fi ẹ̀ṣẹ́ dá a dúró kí gbálẹ̀ tó jáde, àmọ́ ẹ̀ṣẹ́ wéréwéré tí ọ̀pọ̀ ń gbára lé nínú géèmù yìí, òkè ló ń lọ, ó sì máa ń kọjá lórí ẹni tó bá ti bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀.

Nítorí náà mo dábàá ìdánrawò. Tekken 7 ní àyè ìdánrawò kan níbi tí a ti lè gba ìṣe alátakò sílẹ̀, kí géèmù fúnra rẹ̀ sì máa tún un ṣe. Láàárọ̀, kí èrò tó dé, a gba gbálẹ̀ sílẹ̀, a gba ìkọlù àárín kan tì í, a sì jẹ́ kí géèmù máa mú èyí tó bá wù ú nínú méjèèjì. Iṣẹ́ ẹni tó bá mú páàdì kò ju kó dúró, kó wo ara Bryan, kó sì bẹ̀rẹ̀ nígbà tó bá rí i pé gbálẹ̀ ló ń bọ̀. Gbálẹ̀ lọ́ra. Láti ìgbà tí a bá ti tẹ̀ ẹ́ títí yóò fi bani ju férémù 25 lọ (férémù ni àwòrán kọ̀ọ̀kan tó ń tẹ̀ léra wọn lójú ẹ̀rọ), bí férémù 60 bá sì ń kọjá nínú ìṣẹ́jú àáyá kan, a jẹ́ pé ó ju mílísẹ́kọ́ńdì 400 lọ (mílísẹ́kọ́ńdì kan jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún ìṣẹ́jú àáyá kan). Ẹ̀ṣẹ́ tó yá jù lọ́wọ́ ọ̀pọ̀ jagunjagun inú géèmù yìí ń gba férémù 10, kò sì sí ẹ̀dá tó lè rí ìyẹn kó tó dé. Ti gbálẹ̀ yàtọ̀. Bí ojú ènìyàn bá rí nǹkan, ìka rẹ̀ sábà máa ń dáhùn láàárín mílísẹ́kọ́ńdì 200 sí 250, nítorí náà àyè wà, kódà fún ẹni tí kì í ṣe ọ̀gá.

Síbẹ̀ wọn kò rí i dí. Ẹni tó bá dí i, àbá ló dá, nítorí pé ìkọlù àárín tó tẹ̀lé e ló máa ń bá a níbi tó bẹ̀rẹ̀ sí. Mo yí wọn padà, mo ní kí wọ́n má wo ẹsẹ̀ Bryan mọ́, kí wọ́n wo èjìká rẹ̀, nítorí pé èjìká ló kọ́kọ́ ń lọ sílẹ̀. Kò yí nǹkan kan padà. Àárẹ̀ ń mú wọn, àwọn kan sì ti ń sọ pé àwọn ti sọ tẹ́lẹ̀ pé ìyànjẹ ni.

Ẹnu ọ̀dọ́ kan tó ń kọ́ iṣẹ́ àtúnṣe kọ̀ǹpútà ní àdúgbò Tákíé ni ọ̀ràn náà ti yí padà. Ó ti dákẹ́ láti àárọ̀. Nígbà tó kàn án, òun náà kùnà bíi ti àwọn yòókù, ló bá gbé páàdì kalẹ̀, ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, mo máa ń dí nǹkan yìí ní ṣọ́ọ̀bù ọ̀gá mi. Ojú mi kọ́ ló ní àìsàn.” Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín. N kò bá wọn rẹ́rìn-ín, nítorí pé ọ̀rọ̀ tó ṣeé dán wò ló sọ, irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ kò sì pọ̀ lẹ́nu ẹni tó ń fẹjọ́ sùn. Mo bi í léèrè ohun tó ń wò tó bá ń gbá a níbẹ̀. Ó ní mónítọ̀ kọ̀ǹpútà kékeré kan ni, èyí tí ọ̀gá òun tún ṣe tí oníbàárà kò padà wá gbé. A ní kó lọ tọrọ rẹ̀ wá, ó sì gbé e wá lórí ọ̀kadà.

A yọ wáyà HDMI lẹ́yìn tẹlifíṣàn, a sì tì í bọ mónítọ̀. PlayStation kan náà ni, páàdì kan náà, ìdánrawò kan náà. Ó dí gbálẹ̀. Ó tún dí i, ó sì dúró ṣánṣán nígbà tí ìkọlù àárín dé. Ẹni tó tẹ̀lé e, tó jẹ́ pé àbá ló ń dá láti àárọ̀, náà bẹ̀rẹ̀ sí rí i. Kì í ṣe gbogbo rẹ̀ ló dí, àmọ́ èyí tó dí pọ̀ tó láti mọ̀ pé kì í ṣe oríire.

Tẹlifíṣàn ìgbàlódé kì í gbé àwòrán jáde bó ṣe gbà á. Ó máa ń kọ́kọ́ tún un ṣe: á nu àwọn àmì wúruwùru kúrò, á mú kí àwọ̀ tàn, àwọn mìíràn á tilẹ̀ fi àwòrán tí wọ́n dá fúnra wọn sáàárín méjì kí ìrìn lè máa yọ̀. Ẹni tó ń wo fíìmù kò ní mọ̀, nítorí pé tẹlifíṣàn máa ń dá ohùn náà dúró kó lè bá àwòrán dọ́gba. Ní ti ẹni tó ń gbá géèmù ìjà, ohun tó ń wò ti ṣẹlẹ̀ kọjá. Lórí ọ̀pọ̀ tẹlifíṣàn, ìdádúró yìí lè tó mílísẹ́kọ́ńdì 100 tàbí kó jù bẹ́ẹ̀ bí wọn kò bá yí i sí ipò géèmù (game mode), èyí tó ń dín àtúnṣe àwòrán yìí kù. Ẹ yọ 100 kúrò nínú 400 ó lé díẹ̀ tí gbálẹ̀ ní. Ẹ yọ àkókò tí géèmù fúnra rẹ̀ ń lò kó tó dá bọ́tìnì lóhùn. Ẹ rántí pé ẹni tó mú páàdì kì í kàn dáhùn sí ohun tó rí, ó ní láti yàn láàárín dídúró àti bíbẹ̀rẹ̀, yíyàn sì máa ń pẹ́ ju ìdáhùn kan ṣoṣo lọ. Ohun tó ṣẹ́kù kò tó nǹkan kan. Ìkọlù tí àwọn tó ṣe géèmù mọ̀ọ́mọ̀ ṣe lọ́nà tí ènìyàn á fi lè rí i ti di aláìṣeérí nínú yàrá yẹn. Ọmọkùnrin náà kò mọ ìdí rẹ̀. Ohun tó mọ̀ ni pé wọn kì í rí i dí. Nígbà tí mo ṣàlàyé èyí fún Mọ̀mí, ó ṣí ìwé rẹ̀ padà sẹ́yìn, ó sì fi ìka lé oṣù tó ra tẹlifíṣàn ńlá náà rọ́pò ti àtijọ́. Oṣù tó tẹ̀lé e ni owó bẹ̀rẹ̀ sí já.

Páàdì náà lọ́wọ́ nínú ọ̀ràn yìí, àmọ́ ìyẹn kò gba àkókò. Ìsàlẹ̀ páàdì kan ti jẹ, kì í gbọ́ bí a bá tẹ̀ ẹ́ pọ̀ mọ́ ẹ̀yìn, èyí tó jẹ́ ọ̀nà kan ṣoṣo tí a fi ń dí gbálẹ̀. Ẹni tó bá sì borí kì í dìde, bẹ́ẹ̀ ni páàdì tó dára kì í kúrò lọ́wọ́ rẹ̀. A pààrọ̀ èyí tó bàjẹ́.

Ní ti tẹlifíṣàn, kò sí ohun tí a rà. Ipò géèmù wà nínú ètò àwòrán rẹ̀ láti ọjọ́ tí wọ́n ti gbé e dé, àmọ́ ẹni tó gbé e kọ́ fi í sí èyí tí àwọ̀ rẹ̀ dùn wò jù. Nígbà tí a yí i padà, àwọ̀ ṣá díẹ̀, ọ̀kan nínú àwọn oníbàárà sì ráhùn pé ó ti rí bí àwòrán inú ìwé ìròyìn. Kò pẹ́ tó fi gbàgbé ìyẹn.

Ní ìrọ̀lẹ́, wọ́n pe ọmọkùnrin náà padà. Ó jókòó, ó mú Bryan, ó sì gbá gbálẹ̀ bó ṣe máa ń gbá a. Ọmọ Tákíé ló bá jà. Ó dí èyí àkọ́kọ́, ó sì ti ń yọ̀ débi pé kò rántí láti gbẹ̀san. Èyí tó tẹ̀lé e ló dí tó sì fi ẹ̀ṣẹ́ gbé Bryan sókè, tó lù ú lójú òfurufú títí ìdajì ẹ̀mí rẹ̀ fi lọ, gbogbo yàrá sì gba ariwo. Ọmọkùnrin náà tún gbá a. Mo fẹ́ kí ẹ kíyè sí èyí: kò dá a dúró lẹ́ẹ̀kan náà, nítorí pé ohun tó ti ń ṣiṣẹ́ fún ènìyàn fún ìgbà pípẹ́ kì í kúrò lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan. Ó pàdánù, ó dìde, kò sì ní owó ìjókòó mìíràn. Ọmọ Tákíé ló san án fún un, ó ní kó padà wá jókòó, nítorí pé òun kò tíì dí i tó.

Àwọn tó ń tẹ̀lé ìdíje lágbàáyé á rántí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní Evo, ìdíje ńlá fún géèmù ìjà, ọdún 2004 ní California, nínú Street Fighter III: 3rd Strike, nígbà tí ẹ̀mí Ken, jagunjagun tí Daigo Umehara mú, fẹ́rẹ̀ẹ́ tán, tí Justin Wong sì tú ìkọlù ńlá Chun-Li, jagunjagun tirẹ̀, sílẹ̀ sí i, èyí tí dídí lásán kò lè gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, nítorí pé dídí pàápàá á gé díẹ̀ tó ṣẹ́kù nínú ẹ̀mí rẹ̀. Daigo ta gbogbo ìpa náà dànù lọ́kọ̀ọ̀kan, ó sì borí ráúńdì náà. Ohun tí àwọn ènìyàn ń sọ ni bí ọwọ́ rẹ̀ ṣe yá tó. Èyí tí mo máa ń fi han àwọn tí mo ń kọ́ ni pé ó ti mọ ohun tó ń bọ̀ kó tó dé, ó sì ti múra dè é. Ìkọlù tí alátakò ti mọ̀ ni ìkọlù tó rọ̀ jù láti kọ́ ìdáhùn sí, bí ohun tó wà láàárín àwọn méjèèjì bá ń ṣiṣẹ́ bó ṣe yẹ.

Ọ̀rọ̀ owó ló gbẹ̀yìn, òun ló sì nira jù láti yí Mọ̀mí lọ́kàn padà lórí rẹ̀. Àbá tí mo mú wá ni pé kí ẹni tó bá borí ẹni mẹ́ta tẹ̀ léra wọn dìde, kó lọ sẹ́yìn ìlà, kó sì padà wá jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ nígbà tó bá kàn án. Ó ní ẹni tó bá jókòó lọ́fẹ̀ẹ́ ti gba àyè ẹni tó máa sanwó. Òótọ́ ni. Àmọ́ ẹni tó mọ̀ pé òun ṣì ní ìjókòó kan nílẹ̀ lè fi dán nǹkan wò, ẹni tó ń dán nǹkan wò kì í ṣòro láti borí, ẹni tó bá sì rí i pé òun lè borí á padà wá lọ́la. Ó gbà láti dán an wò títí ìdánwò ilé-ìwé á fi bẹ̀rẹ̀. Owó tẹlifíṣàn kẹta gòkè, kò dé ibi tó wà tẹ́lẹ̀, ṣùgbọ́n ó ń ra epo rẹ̀. Ọmọkùnrin náà ṣì ń mú Bryan. Ó ti ń lo oríṣiríṣi ẹ̀ṣẹ́ àti ìpa tí n kò rí lọ́wọ́ rẹ̀ rí, gbálẹ̀ sì ti di ohun tó ń fi pamọ́ de ìgbà tí ẹ̀mí alátakò bá kù díẹ̀. Àwọn kan nínú àwọn tó fẹjọ́ sùn kò padà wá mọ́. Ọ̀kan padà, ó sì ń ráhùn báyìí pé gbogbo ènìyàn ló ń nà òun, kò sì sí ẹni tí òun lè dá lẹ́bi.

Fún àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí, yálà onílé géèmù, olùkọ́ tàbí ẹni tó ń ṣètò ìdíje, ìgbà tí òfin yẹ kò pọ̀, mo sì mọ̀ pé àwọn kan yóò bá mi jiyàn lórí èyí. Ó yẹ nígbà tí ìdáhùn kò bá sí nínú géèmù fúnra rẹ̀. Akuma, jagunjagun tó fara pamọ́ nínú Super Street Fighter II Turbo ti 1994, ni ọ̀pọ̀ ìdíje fòfin dè, nítorí pé iná tó ń jù láti ojú òfurufú kò ní ìdáhùn tó péye lọ́wọ́ àwọn jagunjagun yòókù. Gbálẹ̀ ní ìdáhùn, ìdáhùn náà sì dùn ju ìkọlù fúnra rẹ̀ lọ. Nítorí náà bí ẹnikẹ́ni bá wá fẹjọ́ sùn pé lágbájá ń lo ìkọlù kan ṣáá, kí á kọ́kọ́ mú ẹni tó fẹjọ́ sùn lọ sí ibi ìdánrawò, kí á wò bóyá ó lè dí i nígbà tó mọ̀ pé ó ń bọ̀. Bó bá rí i dí níbẹ̀, ẹ̀kọ́ ló kù fún un, kì í ṣe ẹjọ́. Bí kò bá rí i dí, tí ìkọlù náà sì lọ́ra tó ohun tí ojú lè rí, kí á fi mónítọ̀ kọ̀ǹpútà rọ́pò tẹlifíṣàn kí á tó dá ẹnikẹ́ni lẹ́bi. Ẹ má ṣe gbàgbé páàdì. Kí ẹ sì béèrè ohun tí pípàdánù ń ná ẹni tó jókòó, nítorí pé ibi tí pípàdánù bá ti wọ́n jù ni àwọn ènìyàn ti máa ń fi orí mọ́ ohun kan ṣoṣo tí wọ́n mọ̀. Arslan Ash, eléré tó gba Tekken 7 ní Evo Japan àti ní Evo ti Las Vegas nínú ọdún 2019 kan náà, Lahore ní Pakistan ló ti wá, ó sì sọ fún gbogbo ayé pé àwọn tó le tó òun ṣì wà nílé tí òun ń bá jà lójoojúmọ́. Ẹni tí kì í bá ẹni tó lè dá a lóhùn jà kì í dé irú ibẹ̀.

Ní sáà tó tẹ̀lé e, ẹ̀sùn gbálẹ̀ tún bẹ̀rẹ̀ ní ilé géèmù yẹn, ọmọ tuntun kan ni wọ́n sì ń dá lẹ́bi. Mọ̀mí kò pè mí. Ó lọ sẹ́yìn tẹlifíṣàn fúnra rẹ̀, ó sì rí i pé ẹni tó tún iná yàrá náà ṣe ti yọ wáyà HDMI, ó sì ti tì í bọ ihò kejì, bẹ́ẹ̀ lórí tẹlifíṣàn yẹn, ihò kọ̀ọ̀kan ló ní ètò àwòrán tirẹ̀, tí ihò kejì kò sì sí ní ipò géèmù. Ó dá wáyà padà, ó sì fi sẹ́lótéèpù dí ihò kejì pa.